ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ Á TÓ RA AC

Nọ́ọ̀sì yín tún dé.

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sí yín létí.

Ìbéèrè kan ló fà á. Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi tó wà l'Ékòó fẹ́ ra AC sí yàrá mi nítorí ọmọ-ọmọ mi. Ó ń sín láràárọ̀, ojú ń yún un, àyà rẹ̀ sì ń dún bíi fèrè lóru. Ṣé kí n gbà?"

Mi ò tètè dá wọn lóhùn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnìkan bi mí ní irú ìbéèrè yìí, mo sì dáhùn láìdé ilé rẹ̀. Opó ni, àbúrò ló jẹ́ fún mi. Mo ní, "Ra AC, ara ọmọ á balẹ̀." Ó kó owó àjọ tó fi odidi ọdún dá, ó fi ra á. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, wọ́n gbé ọmọ yẹn wá bá wa láàárín òru. Kò lè mí dáadáa, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ọlọ́run ló yọ wá. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ìtàn kan fún yín, nítorí àṣìṣe tí mo ṣe yẹn, àwọn tó kàwé jù mí lọ ti ṣe é rí, lórí odò Ọya tiwa níbí.

*Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wọ odò Ọya ní 1841*

Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wá sí odò Ọya. Orúkọ àwọn ọkọ̀ náà ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn kí òwò ẹrú lè dópin, kí òwò mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá wọn lọ. Ọmọ Òṣogùn ni, wọ́n ti kó o lẹ́rú rí nígbà tó wà ní ọmọdé, kó tó di pé wọ́n gbà á sílẹ̀ tó sì dàgbà sí Sàró. Ó wá ń bá wọn ṣe ògbufọ̀.

Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn oníṣègùn òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde láti inú irà ló ń fa ibà. Kódà orúkọ tí wọ́n sọ ibà náà, malaria, "afẹ́fẹ́ burúkú" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè àwọn ará Ítálì. Nítorí náà, wọ́n ní kí Dókítà David Boswell Reid, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ náà. Fáànù ńlá ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ yìí á kọ́kọ́ gba inú àpótí irin kan tí wọ́n kó kẹ́míkà sí, kó tó lọ sí ibi tí àwọn èèyàn ń sùn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò pé AC ń ṣe náà nìyẹn. Kí afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀rọ, kó mọ́, kó tó dé imú wa.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n wọ odò, ibà dé. Òyìnbó 145 ló wà níbẹ̀. 130 nínú wọn ló ṣàìsàn, bíi 40 ló sì kú. Wọ́n fi ìtìjú padà.

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ó fa afẹ́fẹ́ wọlé bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, kì í ṣe afẹ́fẹ́, ẹ̀fọn kò sì gba inú àpótí irin wọlé. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ní 1854, Crowther tún bá ọkọ̀ mìíràn wọ odò Ọya. Pleiad ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, Dókítà William Balfour Baikie ló sì ṣáájú wọn. Ohun tí Baikie gbára lé ni kuníìnì tó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ lò. Wọ́n lò ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ lórí omi, gbogbo wọn ló sì padà láàyè. Odò kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni. Oògùn tó bá àìsàn mu ló yàtọ̀.

*Ta ló ṣe AC, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?*

Láàárín ọdún kan náà sí ìgbà yẹn, dókítà kan wà ní Apalachicola, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. John Gorrie ni orúkọ rẹ̀. Òun náà gbà pé afẹ́fẹ́ gbígbóná àti ọ̀rinrin ló ń fa ibà. Ó ń gbé yìnyín kọ́ sí òkè yàrá àwọn aláìsàn kí òtútù lè máa sọ̀ kalẹ̀ bá wọn. Yìnyín wọ́n níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó o wá. Ló bá ṣe ẹ̀rọ tó ń mú omi di yìnyín, ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1851. Ara àwọn aláìsàn rẹ̀ tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibà wọn kò tìtorí ìyẹn lọ. Ó kú ní 1855 láìrí èrè kankan jẹ lórí ẹ̀rọ náà.

AC gan-an tí a mọ̀ lónìí, Willis Carrier ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1902. Ọmọ ọdún 25 ni. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé kì í ṣe nítorí èèyàn ló ṣe é. Nítorí bébà ni. Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Brooklyn, ní New York. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bébà wọn á wú. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á sún kì. Àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ara wọn kò wá ń bára mu. Carrier fi páìpù tútù gba ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ ilé náà.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání, nítorí òun ni kókó. Iṣẹ́ tí a bí AC sí ni pé kó gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Omi tí ẹ ń rí tó ń kán láti ẹnu páìpù lẹ́yìn ilé, inú afẹ́fẹ́ yàrá yín ló ti wá. Kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Irú èyí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri, afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó tún ń tú padà.

*Ilé tiwa náà ti yí padà*

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 70 ọdún, ẹ rántí agbo ilé. Ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé koríko tàbí ewé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá po. Inú yàrá ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó sínú yàrá ní ọ̀sán? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń jẹun, ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣeré. Orí ẹní ni a ń sùn. Tó bá di àárọ̀, a ká a, a gbọ̀n ọ́n, a sá a sóòrùn.

Mi ò sọ pé ìgbà yẹn dára tán. Èéfín igi ìdáná ba ojú àti àyà ọ̀pọ̀ ìyá jẹ́. Eku àti aáyán ń gbé inú òrùlé. Ṣùgbọ́n eruku kò ríbi fara pamọ́ sí púpọ̀.

Owó kòkó dé, páànù dé, sìmẹ́ǹtì dé. Páànù kì í jò bíi koríko, kò sì ń gbiná, ṣùgbọ́n ó mú ooru wá. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tọkọtaya òyìnbó kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni wọ́n pè láti yàwòrán àwọn ilé rẹ̀. Wọn kò gbára lé ẹ̀rọ. Wọ́n kọ́ ilé tí kò fẹ̀ púpọ̀, kí atẹ́gùn tó bá gba ọ̀tún wọlé lè gba òsì jáde. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe ògiri lápá kan, wọ́n ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí iwájú yàrá kí oòrùn má bàa wọlé tààrà. Ẹni tó bá ti dé ibi ìkàwé ńlá wọn níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Tí ẹ bá wò ó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn bàbá wa ni wọ́n tún gbé dé.

Iná Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960, NEPA sì dé ní 1972. Ilé tiwa yí padà pátápátá. A fi fóòmù rọ́pò ẹní. A tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ògiri dé ògiri. A ra àga onítìmùtìmù, a ta kọ́tìnì aláṣọ méjì. A yọ fèrèsé lúfà, a fi onígíláàsì tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Níkẹyìn, ẹni tó bá lówó gbé AC kọ́, ó sì ti gbogbo fèrèsé pa kí òtútù má bàa jáde. Kò sí ẹni tó fi ibi ṣe é. Ọ̀làjú ni a pè é, èmi náà ní kápẹ́ẹ̀tì rí.

*Ohun tó wà nínú eruku*

Ní 1964, Voorhorst àti Spieksma pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, kéde ohun tí wọ́n rí nínú eruku inú ilé. Kòkòrò kan ni, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Ó jọ aláǹtakùn tíntínní. Kì í jẹni, kì í ta èèyàn. Èépá ara wa tó ń bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni ara àwọn kan kórìíra. Tí wọ́n bá fà á símú, wọ́n á máa sín, imú á dí, ojú á máa yún wọn, asthma á sì gbéra sọ fún ẹni tó bá ní in.

Àwọn ará Leiden yẹn tún rí i pé ilé tó ní ọ̀rinrin ni kòkòrò yìí ti ń pọ̀. Kì í mu omi. Inú afẹ́fẹ́ ni ara rẹ̀ ti ń fa omi. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wá sísàlẹ̀ ìdá 50 nínú 100 fún ìgbà pípẹ́, á gbẹ, á kú. Ní Ìlà níbí, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rinrin máa ń ga ju ìdá 70 lọ. Fóòmù wa, ìrọ̀rí wa, kápẹ́ẹ̀tì wa, ilé ọlá ni fún un.

Ẹ rí i báyìí pé AC tó ń gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ lè ran irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó tún lè ran án lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, tí eruku ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí a sì ní láti ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n kò lè gbá eruku inú fóòmù. Kò lè lé aáyán, ìgbẹ́ aáyán náà sì wà lára ohun tó ń fa asthma. Kò lè lé èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn tí ẹ dá sínú yàrá tí ẹ tì pa. Kò sì lè di oògùn.

*Ohun tí mo bá nílé ọmọ yẹn*

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ọmọ opó yẹn sílẹ̀ ní ọsibítù, mo wá lọ sílé wọn, ìrìn tó yẹ kí n ti rìn ṣáájú. Mo ṣí AC náà. Eruku tó wà lára fílítà rẹ̀ nípọn bí òwú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́, wọn kò fọ̀ ọ́ rí, nítorí ẹni tó gbé e kọ́ kò sọ fún wọn pé a máa ń fọ̀ ọ́. Páìpù rẹ̀ ti dí, omi ń sàn gba inú ògiri, ohun dúdú kan sì ti hù látorí àjà dé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù ìgbà ayé ọkọ rẹ̀ ni ọmọ ń sùn lé. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Kọ́ìlì ẹ̀fọn wà lábẹ́ tábìlì.

Èyí tó dùn mí jù ni ínhélà ọmọ náà. Inú dúrọ́ọ̀ ni mo ti bá a. Èyí tí dókítà ní kó máa fà lójoojúmọ́, wọ́n ti pa á tì. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní AC á mú ara rẹ̀ balẹ̀."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Bí wọ́n ṣe gbára lé àpótí irin lórí odò Ọya, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ obìnrin yìí láti gbára lé àpótí ara ògiri. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo sọ ọmọ lórúkọ, mi ò wo ilé.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. A ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. A gbé fóòmù jù nù, ó ra tuntun kékeré fún ọmọ, a fi ọ̀rá bò ó kí a tó tẹ́ aṣọ lé e. A tún páìpù ṣe, a fọ ògiri. A fi nẹ́ẹ̀tì rọ́pò kọ́ìlì. Ọmọ padà sí ínhélà rẹ̀. AC náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Ọmọ náà ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

*Ìmọ̀ràn mi fún ìyá tó bi mí, àti fún yín*

Ẹ kọ́kọ́ wo ilé:

1. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nínú yàrá tí aláìsàn ń sùn. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a gbẹ nígbà tó wà níbẹ̀.
2. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sá fóòmù sóòrùn gangan, kí ẹlòmíràn tó ní àlàáfíà gbọ̀n ọ́n níta.
3. Ẹ dí ibi tó ń jò. Ẹ bo oúnjẹ nítorí aáyán.
4. Ẹ má dáná igi, ẹ má sì dá kọ́ìlì nínú ilé.
5. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn láràárọ̀, àfi tí eruku ọyẹ́ bá ń fẹ́.
6. Ẹ gbé ọmọ lọ rí dókítà. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, tí owó sì wà, ẹ lè wá ra AC:

1. Ẹ má ra èyí tó tóbi ju yàrá lọ. Yàrá kékeré, 10 sí 12 ẹsẹ̀ bàtà, 1 hp tó o. Èyí tó tóbi jù á tètè mú yàrá tutù, á sì dúró kó tó gba ọ̀rinrin tán. Yàrá á tutù, á sì rin. Ohun tí kòkòrò wa fẹ́ nìyẹn.
2. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ fílítà rẹ̀ jáde lójú yín. Èyí tí ẹ lè fúnra yín yọ, tí ẹ lè fi omi fọ̀, ni kí ẹ rà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.
3. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ní ètò tó wà fún gbígba ọ̀rinrin nìkan. Àmì ẹ̀kán omi ló máa ń wà fún un lórí rìmóòtù.
4. Irú tí wọ́n ń pè ní inverter wọ́n jù níbi rírà, ṣùgbọ́n kì í jẹ iná tó ìyókù.
5. Ẹ sá fún tòkunbọ̀. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó AC àlòkù wọlé, ìdọ̀tí ilé ẹlòmíràn sì lè wà nínú rẹ̀.
6. Ẹ fi sí 24 sí 26. Ẹ má jẹ́ kó fẹ́ lu orí ọmọ tààrà.
7. Ẹ ṣírò owó iná. AC 1 hp lè jẹ bíi 800 wáàtì. Wákàtí mẹ́jọ lóru jẹ́ yúnìtì 6.4. Ní ₦225 tí wọ́n gbé owó Band A dé ní oṣù kẹrin 2024, ó jẹ́ ₦1,440 lóru kan, ₦43,200 lóṣù nígbà náà. Tí owó yìí bá máa jẹ́ kí ẹ má lè ra ínhélà mọ́, ẹ fi AC sílẹ̀.
8. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé e, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Èéfín rẹ̀ ti pa odidi ìdílé lójú oorun.

Tí ọmọ kò bá lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ nítorí èémí, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí ínhélà kò sì ràn án lọ́wọ́, ẹ má dúró dè mí, ẹ má sì tan AC. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀.

Ìyá mi tí ẹ bi mí léèrè, ìdáhùn yín rèé: ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi owó náà pamọ́ díẹ̀. Màá wá sílé yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ wo yàrá náà, a ó ká kápẹ́ẹ̀tì, a ó sì ka òṣù méjì. Ẹ̀yin yòókù, tí ẹ bá fẹ́ kí n wá wo ilé tiyín, ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ yín. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, àti sí àwọn ọmọ tó fẹ́ fi AC ṣe ẹ̀bùn fún òbí wọn. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o.

Èmi ni nọ́ọ̀sì yín, Ìlà Ọ̀ràngún.